Ọjọ́ tí mo da iyanrìn sí alààyè lójú

Nàìjíríà ni àbúrò bàbá mi wà nígbà tí ìròyìn dé pé mọ́tò ti pa á. A sunkún, a ṣòkú rẹ̀ láìrí òkú. Lọ́dún kejì, lọ́sàn-án gangan, ó yọ sẹ́nu ọ̀nà wa ní Kétu, lódìkejì ẹnubodè, àpò léjìká.

"Ṣé kò sẹ́nìkan nílé ni?"

Èmi nìkan ni mo wà nílé. Àkúdàáyà ni mo pè é, òkú tó ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè. Mo bu iyanrìn, tí wọ́n ní ó ń lé irú wọn, mo dà á sí i lójú, mo ti ilẹ̀kùn.

"Èmi ni o, ọmọ mi."

Mo gbọ́ ọ. N kò ṣí i.

Ó lọ dáko sí abúlé Adakplamè. Nígbà tó hàn pé irọ́ ni ìròyìn ikú náà, àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò padà sílé tí wọ́n ti ṣòkú òun.

Ó pẹ́ díẹ̀, mẹ́tìrì kan, olùkọ́ ilé ìwé wa, gbé fídíò wá sí kíláàsì fún gbogbo ará ìlú ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n faṣọ dí fèrèsé. Nínú fíìmù náà, òkú ń rìn, wọ́n ń jẹ ènìyàn. Àwọn alààyè sá sínú ilé kan, wọ́n wá ń jà lórí ẹni tí yóò pàṣẹ.

Ìyá kan ní, "Àkúdàáyà òyìnbó mà ń jẹ èèyàn o! Tiwa ń ṣòwò ni tiẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, ó ku ọkùnrin kan ṣoṣo láàyè, ènìyàn dúdú bíi tiwa. Ilẹ̀ mọ́, àwọn tó wá gbani dé pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n rí i lókèèrè, wọ́n ṣebí òkú ni, wọ́n yìnbọn pa á.

Ẹnìkan ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé.

Mẹ́tìrì ní, "Kamaráàdì, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ló pa á? Ṣé òkú ni, àbí àwọn tí kò béèrè ẹni tó jẹ́?"

Ta ló sọ ti iyanrìn ọwọ́ mi fáwọn tó ṣe fíìmù yìí?

Lọ́jọ́ kejì mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Adakplamè. Mo bá àbúrò bàbá mi lóko àgbàdo, mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mo gbọ́ ohùn yín lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Na ọwọ́ rẹ. Ṣé kò sí iyanrìn ńbẹ̀?" Ó dì í mú. "Ǹjẹ́ ọwọ́ mi tutù?"

Ó gbóná, ó le bí èèpo igi.

Lọ́jọ́ ọjà ó wá sí Kétu. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ ó dúró síta, kò wọlé, títí mo fi jáde lọ gba àpò èjìká rẹ̀.