Kọ̀ǹpútà Tí Mo Pè Ní Ọ̀kánjúwà

Òórùn àkàrà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ayétòrò, nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa. Ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù ló ń dín in lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ilé, òórùn eruku gbígbóná ń ti ara kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan jáde. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà mi. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí, ilé sì dákẹ́ jù.

Ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tó ní ọba, ẹṣin àti ọmọ ogun, ni mo ń bá kọ̀ǹpútà náà ta. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé, mo tún dàgbà jùyẹn lọ kí n tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì, nítorí náà ojú tí a fi ń wo ẹni tí a jọ ń ta ayò ni mo fi ń wò ó: mọ ìwà rẹ̀ ná, kí o tó nà án. Ìwà tirẹ̀ kò pẹ́ hàn sí mi. Bí mo bá fi ọmọ ogun kan sílẹ̀ láìṣọ́, yóò jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ibi tó ti ń jẹ ni mo ti máa ń ká ọba rẹ̀ mọ́ igun. Oníṣọ́ọ̀bù, tí mo jù lọ́jọ́ orí, a pàtẹ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀ta ayò ni yín!" Orí mi a wú.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹgbẹ́ mi, máa ń jókòó tì wá. Awakọ̀ ni, tó ń kó èrò láti Ìlárá kọjá sí òdìkejì bọ́dà. Láti ìgbà tí bọ́dà ti tì, ọkọ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Bí wọ́n bá gbé àkàrà wá fún wa, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, yóò sì wé díẹ̀ sínú bébà, yóò tì í bọ àpò. Ó máa ń bí mi nínú, bí ẹni pé tèmi ló kó.

Ní Sátidé kan tí èrò pọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na kọ̀ǹpútà tán ni wọ́n ní kí n sọ ọgbọ́n tí mo dá. Mo ní, "Ọ̀kánjúwà ni. Ó rí oúnjẹ, kò ro ẹ̀yìn." Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi wà nínú abọ́ àkàrà lákòókò náà. Ahọ́n mi kò dúró. "Òun àti ọ̀gbẹ́ni yìí, ìyá kan náà ló bí wọn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹnu rẹ yìí nìkan ni kọ̀ǹpútà ò ní." Ṣùgbọ́n ó dá àkàrà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

Kò pẹ́ rárá tí ẹnì kan fi gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wọlé láti Abẹ́òkúta. Àwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà kò rí epo gbà nígbà yẹn. Bátìrì la fi ń lo kọ̀ǹpútà náà, èyí tí a ń ṣáájì nígbà tí iná bá ṣèèṣì dé. Oníṣọ́ọ̀bù tan jẹnẹrétọ̀, ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, wọ́n ní kí n tún un nà. Mo fi ọmọ ogun sílẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Mo fi ẹṣin sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó rọra ń bọ̀ títí ọba mi kò fi ríbi lọ.

Oníṣọ́ọ̀bù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ bátìrì nìkan, ṣe ló máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù. Kò lè ronú jìnnà. Ohun tó bá ṣáà wà níwájú rẹ̀ ló ń jẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mi ò lè yíjú síbi tí ọ̀rẹ́ mi wà. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti lọ.

Kò wá mọ́. Mo wá a lọ sílé láti tọrọ àforíjì. Kí n tó lanu, ìyàwó rẹ̀ ti kúnlẹ̀ kí mi, ó ti gbé ẹ̀bà síwájú mi, ẹja kan ṣoṣo lórí ọbẹ̀. Àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Tíṣà, fọwọ́." Mo fẹ́ sọ pé mo ti yó. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe èèyàn ní ọ̀kánjúwà, tó tún wá kọ oúnjẹ rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ó ti pè é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mo jẹ ẹ́ tán, lójú àwọn ọmọ.

Ebi ni mo rí lára òun àti kọ̀ǹpútà, tí mo pè é ní ìwà. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ sọ pé báyìí ni lágbájá ṣe rí, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi léèrè bóyá ó ti jẹun.