Ilé Tí Kòsílẹ̀kùn Tú Láti Òkè

Nígbà tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ó mọ ògiri yàrá kan yípo láìfi àyè ilẹ̀kùn sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé odindi ilé ni kò sọ òótọ́. Yàrá ìkẹ́rùsí kékeré kan ni. Kò sì sí ẹni tó gbé àkàbà fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó pọ́n ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, kó gba orí rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti ń pè é ní Kòsílẹ̀kùn, títí kan ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ìyẹn wà láyé.

Ó di bíríkìlà gidi nígbẹ̀yìn. Ilé tirẹ̀ ló mọ kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, inú ilé náà sì ni ìyàwó rẹ̀ kú sí. Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí ẹsẹ̀ náà fi kú: ó wà níbẹ̀, kò kàn mọ nǹkan kan lára ni. Ó ń jẹun, kò mọ adùn. Bí wọ́n bá pa á lẹ́rìn-ín, á fi eyín hàn, nítorí pé ọmọlúàbí ni.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri rẹ̀, pé wọ́n máa fẹ títì gba ibẹ̀, ó bu omi fún wọn mu. Ọjọ́ tí wọ́n dá ń sún mọ́lé, kò di ẹrù kankan.

Fọkanáísà òdìkejì títì pariwo sí i pé, "Kòsílẹ̀kùn, ṣé orí ibùsùn lẹ fẹ́ kí katapílà ti wá kí yín kú àárọ̀ ni?"

Ó ní, "Kó kọ́kọ́ dé ná."

Ẹ̀rù ń ba ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí bàbá òun má lọ jókòó síbẹ̀ títí ilé á fi wó lé e lórí. Ó ti bẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá.

"Bàbá, bí ẹ ò bá dá mi lóhùn, ẹ dá àwọn wọ̀nyí lóhùn." Ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Èyí àgbà, obìnrin, ni wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí ẹnu rẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin da bíríkì oníke wọn sílẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ní àdúgbò Bàbá làwọn fẹ́ kọ́. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í to bíríkì lérí ara wọn ṣọnṣọ.

Kòsílẹ̀kùn ti orí àga sọ̀rọ̀. "Rárá. Igun la kọ́kọ́ ń mọ. Má sì jẹ́ kí oríkèé, ibi tí bíríkì méjì ti pàdé, bọ́ sórí oríkèé, ògiri á là."

"Ike ni, Bàbá. Kì í là."

"Ilé ni. Tú u."

Ọmọ náà kùn, ó tú u. Kí wọ́n tó mọ̀, bàbá wọn àgbà ti wà nílẹ̀, ó ń fa okùn fún wọn kí ògiri lè gún. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, bọ́tìnnì aṣọ ni táyà ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé Kòsílẹ̀kùn, wọ́n fi òrùlé búlúù bò ó. Ó wá ku títì, bíríkì sì tán.

Lọ́yà wo inú ike tí wọ́n fi kó bíríkì wá, ó wo ilé. "Bàbá, ṣé kí n mú ti ilé yín? Ibẹ̀ náà kúkú ni títì máa gbà."

"Bàbá ò ní gbà!" ni àbúrò rẹ̀ wí.

"Ìwọ ni mo bi?"

Kòsílẹ̀kùn dúró kí nǹkan kan gún òun láyà. Kò sí nǹkan kan. Omi ẹ̀rọ ń kán nínú ilé ìdáná, ìyẹn ló gbọ́. Lọ́yà fa bíríkì ìsàlẹ̀ kan yọ, igun ilé sì ya lulẹ̀ tòun ti òrùlé.

"Dúró! Ṣé bá a ṣe ń tú ilé nìyẹn? Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀. Òrùlé, lẹ́yìn náà fèrèsé. Ohun tó bá ṣì wúlò, èèyàn á yọ ọ́ kí wọ́n tó wó o."

Ó tún igun náà mọ padà. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí òrùlé, ó yọ fèrèsé, ó ń ká ògiri lẹ́sẹẹsẹ, ó ń nà án sí àbúrò, ìyẹn sì ń fi í tẹ́ títì. Nígbà tí kò ku bíríkì kankan níbi tí ilé náà wà, Lọ́yà gbé ọmọlángidi ọkùnrin kan sókè.

"Ẹ̀yin rèé o. Níbo ni kí n gbé yín sí?"

Kòsílẹ̀kùn wo gbogbo àdúgbò náà yíká. "Fi mí sápò ná."

Lọ́yà sì fi í sápò.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Kòsílẹ̀kùn ránṣẹ́ pe káfíńtà kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páànù. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, tó rí ojú ọ̀run láti pálọ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Bàbá rẹ̀ ní, "Wo ẹsẹ̀ ẹ, ìṣó wà nílẹ̀."

Ògiri nìkan ni katapílà bá. Àwọn kan ń sọ pé Kòsílẹ̀kùn dúró lẹ́bàá títì, ó ń sunkún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ló wà láàárín páànù àti fèrèsé rẹ̀, ó ti sùn lọ. Ilé ọmọ rẹ̀ ló wà báyìí, ní yàrá ẹ̀yìn tó kángun sí ilé ìdáná.