Èémí Tí Làmí Fún Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí ọmọ-ọmọ mi ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta nínú pálọ̀. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìrọ̀rí, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò mí mọ́. Mo wọ yàrá, mo rọra ti ilẹ̀kùn.

Jos ni wọ́n bí mi sí, ní Dogon Dutse. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, ará Iléṣà. Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú, lápá ìparí àwọn ọdún 1970, nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ó ki àkísà bọ inú àpò, ó rán orí mọ́ ọn, ó ní ká fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, ká sì tẹ àyà rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Èmi kọ̀ jálẹ̀, torí àpò náà ń rùn bí ẹ̀pà tó ti bu. Làmí, ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin bíi tèmi, ará àdúgbò Laranto, tí a jọ ń jókòó, nìkan ló kúnlẹ̀ tó ṣe é láìrẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan, àwa méjèèjì lọ fọ aṣọ létí adágún tí àwọn awakùsà ti fi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Òtútù omi yẹn ni mo mọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí mo lajú, Làmí ló wà lórí mi, omi ń kán lára irun rẹ̀, ó ń fi Hausa bẹ̀ mí pé kí n dìde: "Don Allah, tashi!" Òun ló fà mí jáde, òun náà ló fẹ́ èémí sí mi lẹ́nu títí mo fi bì.

Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ìròyìn ti dé ilé ẹ̀kọ́, àmọ́ wọ́n ti yí i po. Wọ́n ní Làmí fẹnu ko mí lẹ́nu. Bí a bá ti ń kọjá, àwọn ọmọbìnrin á máa pọ́n ètè lá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Ojú tì mí. Mo bẹ tíṣà wa kó yí ìjókòó mi padà.

"Kí ni mo ṣe?" Làmí bi mí.

Mo kó ìwé mi lọ síbi ìjókòó tuntun. Látìgbà náà, òun nìkan ló ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò nígbà ìsinmi, èmi náà sì ń jẹ tèmi lẹ́yìn kíláàsì.

Ìyá mi di búrẹ́dì fún mi nígbà ọlidé pé kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Làmí àtàwọn òbí rẹ̀. Mo dé Laranto, àwọn ẹlòmíràn ló wà nínú yàrá wọn. Obìnrin kan ní, "Sun tafi." Wọ́n ti lọ. Kò mọ ibi tí wọ́n lọ.

Wọ́n ti dí adágún náà báyìí, ilé ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn láìtijú, inú mi sì ń dùn. Àmọ́ bí mo bá dé ọjà Terminus ní Jos, mo ṣì máa ń wo ojú àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Làmí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé.