Obìnrin Tí Kì Í Kọ Oògùn

Alápatà ni mí l'Óko Ọba. Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, oorun dá lójú mi. Dókítà kan n'Íkẹjà kọ oògùn fún mi, ó sì ní kí n rí obìnrin tó wà ní yàrá kejì. Mo wọlé tọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè nìkan ló ń bi mí. Inú bí mi, mo dìde.

"Ṣé ẹ ò ní kọ oògùn ni?"

"Bàbá, dókítà ló ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ lèmi fi ń tọ́jú ọkàn, mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nídìí ẹ̀."

Mo rántí iṣẹ́ wa. Ẹni tó ń dúńbú màlúù kọ́ ló ń fọ ìfun, a kì í sì í bi ẹni tó ń fọ ìfun pé ọ̀bẹ rẹ̀ dà.

Mo padà jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyàwó mi. Kí n tó sọ ọ́ tán, oorun ti gbé mi lọ lórí àga. Nígbà tí mo jí, obìnrin náà ṣì jókòó tì mí.