Epo Pupa Nínú Èèrí Màlúù

Ara mi kì í balẹ̀. Ohun tó yẹ kó gba oṣù kan, ọ̀la ni mo fẹ́ rí i. Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́?

Màlúù kan ṣoṣo la ní lẹ́yìn ilé wa n'Ígàndò. Ìyá mi ló ń fi mílíìkì rẹ̀ ṣe wàrà, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti Ògbómọ̀ṣọ́. Koríko, èèrí ògì àti kúlíkúlí tá a gún ló ní kí n máa fún un. Mílíìkì náà kò pọ̀ tó lójú mi. Mo gbọ́ pé ọ̀rá ló ń jẹ́ kí mílíìkì ki, epo pupa sì wà nílé. Ẹni tó jẹ májèlé pàápàá, ṣebí epo la ń fún un mu? Mo yọ kúlíkúlí kúrò, mo wá ń da epo sí èèrí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. N ò sọ fún ìyá mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí màlúù fi ń gbóòórùn koríko, tó ń yíjú kúrò. Mílíìkì dín kù. Ìyá mi fún omi ewé bomubómu tó ń mú mílíìkì dì sínú ìkòkò bó ṣe máa ń ṣe, wàrà kọ̀, kò dì. Ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, pàbó ló já sí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí.

"Ọwọ́ yìí ti darúgbó," ló wí.

Ojú tì mí, torí mo ti ń fura sí epo mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkòtún láìní ohun tí mo fẹ́ rà, mo tún padà. Nígbà tó yá, mo pe dókítà ẹran, mo sì ka gbogbo ohun tí mo ń fún màlúù fún un.

"Màdáámù, ẹ̀yin náà lẹ kúkú ṣe é," ló wí. "Epo yẹn ò jẹ́ kí ikùn ẹ̀ lè lo koríko mọ́. Oúnjẹ amáradàgbà ló ń jẹ́ kí wàrà dì, ẹ sì yọ kúlíkúlí kúrò!"

Mo dá epo dúró, mo dá kúlíkúlí padà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yí ilé po. Lọ́jọ́ tí wàrà dì, ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀. N ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo jẹ́wọ́.

Kò pariwo. Ó ní, "Gbogbo ìrun ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kó dárí ohun tí ọwọ́ mi ṣẹ̀ jì mí. Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi, tí ò ń ṣe àmín."