Alhaji Isiaq Ná Iyọ̀ Inú Ẹ̀jẹ̀

Kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ ní Fọlá Àgòrò: Alhaji Isiaq, tó ń ta bébà fáwọn atẹ̀wé Ṣómólú, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n ń ná iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ara wọn. Dókítà Dọlápọ̀ ní omi oníyọ̀ tí àwọn fà sí wọn lára ti gbé iyọ̀ náà dé méjìdínlọ́gọ́fà, àmọ́ ó yẹ kó dé márùndínlógóje.

"Ìyẹn ti pọ̀ jù," ni Bàbá wí. "Ẹ gba ọgọ́fà, ká parí ẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní díẹ̀díẹ̀ náà làwọn máa gbé e, torí bó bá yára jù, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Munirat ọmọ wọn fara ti ògiri. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹ̀rín, ẹ̀rù ṣì ń bà á kí Bàbá má kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Bàbá ló fọwọ́ ara wọn fà á. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n bá yọ ọ́ lọ́bẹ̀ pátápátá. Wọ́n ń lo oògùn tó ń múni tọ̀, wọ́n tún ń mumi láìsinmi, wọ́n ní àwọn ń fọ inú. Bí iyọ̀ ṣe ṣàn lára wọn nìyẹn. Orí ń fọ́ wọn, èébì ń gbé wọn. Munirat ṣebí ibà ni. Àfìgbà tí Bàbá ra bàtà ní Onípanu, tí wọ́n san iye tí oníbàtà kọ́kọ́ pè. Kíá ló gbé wọn lọ sí ọsibítù.

"Dókítà, bàbá mi ò ná ọjà mọ́. Ọpọlọ wọn ti ń dàrú."

Nígbà tí wọ́n délé, ife omi mẹ́rin péré ni Dókítà fàyè gbà lójúmọ́ fúngbà díẹ̀. Bàbá lọ ra ife tuntun. Korobá ni ká pè é.

Ojoojúmọ́ ni Munirat ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ ife náà. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ṣé ẹ ò lè gba nǹkan kan bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni?"

Bàbá gbé ife wọn sílẹ̀. "Munirat, ẹni tó ń ná ọjà ò tíì fẹ́ lọ."

Wọ́n tún lo ọdún méjì láyé. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n sùn, wọn ò jí. Ikú ò fún wọn láyè láti ná an. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn.

Gbogbo èèyàn ní kí Munirat lọ sinmi, pé ó ti ṣe é tó. Ó ti ń sinmi. Ìsinmi ọ̀hún ò dùn mọ́ ọn rárá.