Àmì tí Alfa Mufu rí lára ara rẹ̀

Ara mi ò balẹ̀ látàárọ̀ o.

Mo gbé ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí àwa olùwádìí láti ìlú òyìnbó lọ bá Alfa Mufu, télọ̀ wa ní Sabon Gari. Àmì téèyàn fi ń mọ ọ̀dọ́ tó fẹ́ di agbésùmọ̀mí ló wà níbẹ̀.

Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó dá irùngbọ̀n sí, kì í gbọ́ orin. Haba! Èmi gan-an rèé!"

Ẹ̀rín bá tán. "Àbúrò mi tó bá àwọn agbésùmọ̀mí lọ ò ní ìkankan nínú àwọn àmì yìí."

Mo ní, "Irú èèyàn wo ni, sà?"

"Ibi tó wà ni gbogbo àwọn tó ń wá a ń bi mí. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí irú èèyàn tó jẹ́. Ọkàn mi ò gbé e lónìí. Padà wá lọ́la."

Mo ti ya ìwé yẹn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n kọ́kọ́ bi í lọ́la?